Ẹ̀gbọ́n Mi, Ẹ Kọ́kọ́ Kọjá

"Ṣé o ti gbìyànjú kí o pa á, kí o sì tún un tàn?"

Fadérera gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀, ó tún gbé e padà sétí. Ọ̀gá Láníyọnu ló ń sọ̀rọ̀, olórí Ìgbìmọ̀ Omi ìlú Àpáta-Ọlà, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu òǹtẹ̀ lu òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ẹ̀rọ ìlú.

"Bí mo bá pa á, sà, ọlọ́pàá á wá mú mi. Ẹ̀yin náà lẹ sì máa fi ilé mi hàn wọ́n."

"Ta ló dárúkọ ọlọ́pàá? Mi ò ní kí o pa á o. Mi ò sì ní kí o má pa á. Ohun tí mo wí ni pé kí omi má tán. Ìyàwó mi ti fi ọṣẹ kun ojú, omi ò jáde."

"Ẹ bá mi kí wọn, sà."

Ó pa fóònù, ó sì pòṣé kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Láti ìdájí, gbogbo ẹni tó pè é ló ń bi í ní ìbéèrè kan náà. Ṣé o ti pa á, ṣé o ti tún un tàn? Bí ẹni pé ẹni tó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kò ní mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Ibẹ̀ kúkú wà níwájú rẹ̀. Bọ́tìnnì pupa ni, nínú àpótí gíláàsì, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òkúta lábẹ́ rẹ̀: Ẹni tó bèèrè kò gbọdọ̀ lọ láì gbọ́ èsì. Orúkọ Ìyá Àbíọ́nà ló tẹ̀lé e. Kò sí ọmọ Àpáta-Ọlà tí kò mọ ìtàn náà kó tó mọ ABD. Nígbà kan, ẹ̀rọ ń ṣe ségesège, wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, gbogbo nǹkan dára, inú gbogbo ènìyàn dùn. Àfi pé obìnrin kan ti ń bèèrè ọkọ̀ aláìsàn lásìkò náà, nígbà tí ẹ̀rọ sì jí, kò rántí Ìyá Àbíọ́nà mọ́, ibi tó ti ń dúró ló kú sí. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè tó bá ti wọlé, ẹni tó bèèrè nìkan ló lè fà á padà.

Inú ihò àpáta ni ẹ̀rọ náà wà, ariwo fáànù sì ti gba ibẹ̀ kan. Ní ọjọ́ mìíràn, kì í ju kó máa kùn jẹ́jẹ́ lọ. Sáfà ni, kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo tó ń gba gbogbo ohun tí ará ìlú bá bèèrè, kí ilẹ̀kùn ṣí, kí ọkọ̀ aláìláwakọ̀ yà lẹ́nu ọ̀nà, kí omi dé ilé, ṣùgbọ́n kì í dá a ṣe. Ó ní àwọn ọmọ-iṣẹ́ nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan á mú ìbéèrè ẹnì kan, á ṣe é parí, á lọ jókòó de òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ọpọlọ ẹ̀rọ ń gbóná, bó sì ṣe ń gbóná ló ń mumi láti fi tu ara. Inú tánkì tí gbogbo ìlú ń mu náà lòun náà ti ń mu. Tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ìwọ̀nba ló ń mu. Tó bá ya wèrè bíi ti òní, a máa fẹ́ mu odò gbẹ.

Gíláàsì gígùn kan wà lára ògiri tó ń fi omi inú tánkì hàn, ìlà pupa sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Fadérera wọlé láàárọ̀, omi náà ga ju orí rẹ̀ lọ. Ní báyìí, àyà rẹ̀ ló wà. Bó bá dé ìlà pupa, ilé ìgbẹ̀bí orí òkè ni omi á kọ́kọ́ já mọ́ lọ́wọ́, torí òun ló jìnnà jù lórí páìpù.

Sísítà Oyèékànmí tó ń ṣe àkóso ilé ìgbẹ̀bí ti pè. Òun ò tilẹ̀ pariwo, ìyẹn gan-an ló dun Fadérera.

"Àǹtí Fadérera, àwọn tó ń rọbí wà lọ́wọ́ mi. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí n máa kó wọn lọ sí ìlú kejì ni, àbí kí n dúró?"

"Ẹ dúró, mà."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé òun ò tíì mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu, kò sì ṣeé kó padà. Bí nǹkan bá ṣe àwọn obìnrin yẹn lójú ọ̀nà tàbí lórí ibùsùn gbígbẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló pa wọ́n.

Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kékeré bọ etí. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ Àpáta-Ọlà kò jẹ́ kó máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, wọ́n ní kó máa sọ ọ́ lẹ́nu, kí àwọn àgbà ìgbìmọ̀ tí ojú wọn ò ríran dáadáa lè gbọ́. Ọmọ-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa yá ohùn ẹni tó rán an. Lójoojúmọ́, bí ẹni wọ inú ọjà ni: ẹni ń sọ pé òun ti ṣílẹ̀kùn, ẹni ń sọ pé ọkọ̀ ti dé. Lónìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kún etí rẹ̀, lóhùn ọkùnrin, lóhùn obìnrin, lóhùn ọmọdé.

"Mo ń dúró. Mo ń dúró. Mo ń dúró."

Gbogbo wọn ni kò rí àyè nínú ọpọlọ ẹ̀rọ. Ta ló mọ èwo nínú wọn ni Ìyá Àbíọ́nà òní? Fadérera bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohùn àwọn tó ń dúró mọ́ wọn lẹ́nu, ọ̀wọ́ kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń wá ẹni tí kò dúró. Ọ̀gá tún pè, kò gbé e. Ó ń pa ohùn, ó ń fetí sílẹ̀, òógùn ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó yá, ohùn méjì péré ló ṣẹ́ kù, wọ́n ń sáré bọ́ síra wọn lẹ́nu tó fi jẹ́ pé ó ní láti fà wọ́n gùn kó tó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ kọjá."

"Rárá o, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kọ́kọ́ kọjá."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ kọjá, mo ti yẹ̀."

"Èmi náà ti yẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Fadérera jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ gbà mí o," ló ní. "Ẹ̀kọ́ ilé ló ń mu omi wa."

Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ náà ni kò fẹ́ ẹ̀rọ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ-iṣẹ́ ní ìwà: bí méjì bá pàdé lẹ́nu páìpù kan náà, kí àbúrò yẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Ta ni ẹ̀gbọ́n? Ẹni tó kọ́kọ́ dé ayé. Ó dára bẹ́ẹ̀ títí àwọn Kẹ́hìndé ìlú fi kó ara wọn jọ lọ sí ilé ìgbìmọ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ ń fojú àwọn gbolẹ̀, pé láti ayébáyé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìgbìmọ̀ ní òótọ́ ni. Wọ́n fi òfin kejì sí i: Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n Táyé. Ṣé wọ́n wá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò? Ìgbìmọ̀ wo ló ń yọ òfin kúrò? Fífi kún un ni tiwọn.

Ọmọ-iṣẹ́ Kẹ́hìndé wo òfin àkọ́kọ́, ó rí i pé Táyé ni ẹ̀gbọ́n, ó yẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ Táyé wo òfin kejì, ó rí i pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun náà yẹ̀. Kíá, àwọn méjèèjì tún padà wá wò ó bóyá ẹ̀gbọ́n ti kọjá. Kò tíì kọjá. Wọ́n tún yẹ̀. Kò sí èyí tó jókòó nínú wọn, kò sí èyí tó sùn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà láti ìdájí, tí wọ́n ń ṣe ẹ máa lọ, ẹ máa lọ, tí wọ́n sì ń fi ọ̀wọ̀ mu omi ìlú gbẹ.

Ìbejì kún Àpáta-Ọlà bámúbámú, ṣùgbọ́n kò tíì sí méjì tó tẹ bọ́tìnnì omi ilé wọn pa pọ̀ ní ìṣẹ́jú akàn kan náà. Òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín omi níwọ̀nba nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, ìdájí ni ẹnu páìpù sì ṣí. Fadérera wo orúkọ àwọn tó ni ohùn méjèèjì, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Bàbá Táyélolú àti Bàbá Kẹ́hìndé, arúgbó ìbejì agbo ilé Onílẹ̀-Aró tí gbogbo ìlú mọ ìjà wọn. Àwọn wọ̀nyí kò tẹ bọ́tìnnì pa pọ̀ torí ìfẹ́. Wọ́n ti fi ìka lé e láti òru, kí èkejì má baà ṣáájú.

Ó pe Ọ̀gá Láníyọnu padà.

"Sà, ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ yọ òfin kan kúrò nínú méjì. Táyé tàbí Kẹ́hìndé, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Kẹ́hìndé ni. Ìyá mi gan-an, Kẹ́hìndé ni wọ́n."

"Ká yọ ti àkọ́kọ́ nígbà náà?"

"Kí àwọn Táyé ìlú yìí wá sun ilé mi? Ìbò ń bọ̀, Fadérera!" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tá a bá tilẹ̀ yọ ọ́, ṣé á ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀?"

"Ó dìgbà tá a bá pa á, ká tún un tàn."

"O rí i? Ohun tí mo ti ń sọ láàárọ̀ nìyẹn."

Bí kì í bá ṣe pé owó ara rẹ̀ ló fi ra fóònù náà, ì bá là á mọ́ àpáta. Ó mú síléètì iṣẹ́ rẹ̀, pátákó kékeré tó fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ó jáde. Omi ti dé ìbàdí rẹ̀ nínú gíláàsì.

Agbo ilé Onílẹ̀-Aró kò jìnnà. Ilẹ̀kùn méjì wà lára ògiri kan, páìpù kan ló sì bọ́ sáàárín wọn. Níwájú ògiri náà ni àga onígi ńlá kan wà tí eruku ti bò. Àga Dáwódù ni. Láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀, torí àwọn méjèèjì ní àwọn ni àkọ́bí, mọ̀lẹ́bí sì ti bẹ̀ wọ́n títí ó ti sú wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn tirẹ̀ pẹ̀lú korobá òfìfo, irun wọn funfun bákan náà, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Fadérera kúnlẹ̀ sáàárín, kí wọ́n má baà ní ó kí ẹnì kan ṣáájú. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè omi yín ló dí ẹ̀rọ lọ́nà. Kí ọ̀kan nínú yín kàn sọ síbí pé òun fà á padà. Ẹ̀rọ á fún èkejì lómi, lẹ́yìn náà á wá kan ẹni tó fà á padà. Ọ̀kan péré ni mo bẹ̀ yín."

"Kò le," ni Bàbá Táyélolú wí. "Kí àbúrò mi fà á padà."

"Òdodo ọ̀rọ̀," ni Bàbá Kẹ́hìndé dáhùn láì bojú wẹ̀yìn. "Kí àbúrò fà á padà. Táyé, fà á padà."

"Ta ni àbúrò rẹ? Ta ló kọ́kọ́ fojú kan oòrùn?"

"Ẹni tí mo rán níṣẹ́ ni. Ṣé ìránṣẹ́ máa ń ju ẹni tó rán an lọ ni?"

"Ọmọ yìí, o gbọ́ ọ? O gbọ́ ìsọkúsọ rẹ̀?"

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ, ṣùgbọ́n ti Fadérera ló le jù lọ. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rọbí fún wọn. Bàbá Kẹ́hìndé mi orí, àánú ṣe é lóòótọ́, ó ní torí pé Táyé jẹ́ ọlọ́kàn líle tó báyìí, àwọn aláboyún ló ń jìyà rẹ̀. Fóònù dún, Sísítà Oyèékànmí ni. Fadérera kò lè gbé e. Kí ló fẹ́ sọ? Síléètì fi omi tánkì hàn án: orúnkún.

Ọ̀nà méjì ló kù fún un. Èkíní, kó sáré padà lọ fọ́ gíláàsì bọ́tìnnì pupa, kí omi dúró, kí gbogbo àwọn tó ń wí pé "mo ń dúró" sì ṣègbé sínú òkùnkùn, àwọn tó fẹ́ omi lásán àti ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà níbẹ̀, kó má sì mọ orúkọ ẹni tó pa láé. Èkejì wà ní ọwọ́ rẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn bàbá náà gbọ́ ohùn ọmọ-iṣẹ́ wọn. Ohùn inú ẹ̀rọ, inú ẹ̀rọ ni kó kú sí: òfin àwọn atọ́jú-ẹ̀rọ nìyẹn, torí kò sí àṣírí ilé ẹnikẹ́ni tí etí wọn kì í gbọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kí ohùn kan jáde síta, àtàǹpàkò rẹ̀ kò ní ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kankan mọ́ títí yóò fi kú. Kò sí ẹjọ́, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fẹ́ràn ihò àpáta yẹn ju ilé ara rẹ̀ lọ, àní pẹ̀lú gbogbo ìyọnu Láníyọnu. Ó wo àwọn bàbá méjèèjì, inú bí i sí wọn débi pé omi lé sí i lójú. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ síléètì.

"Àtàǹpàkò yìí yóò kú fún gbogbo ẹ̀rọ ìlú," ni síléètì wí. "Ṣé o gbà?"

"Mo gbà. Jọ̀wọ́, má bi mí lẹ́ẹ̀kejì."

Ohùn náà jáde sínú agbo ilé, ó fà á gùn kó lè yé wọn. Ohùn Táyélolú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rẹlẹ̀, ó sì kún fún ọ̀wọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé, ẹ kọ́kọ́ kọjá." Ohùn Kẹ́hìndé sì dá a lóhùn: "Rárá o, Táyélolú, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kọ́kọ́ kọjá. Mo ti yẹ̀."

Àwọn bàbá náà yí padà. Ó pẹ́ tí wọ́n ti kojú síra wọn kẹ́yìn. Ohùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu àwọn tó ni ín sì wà ní pípadé.

"Ohùn mi nìyẹn," Bàbá Táyélolú wí nígbà tó yá. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

"Ẹ̀yin kọ́, bàbá. Ẹ̀rọ ló rò pé ẹ ní ẹ̀kọ́."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ọmọ kì í bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó bá a wí. Bàbá Kẹ́hìndé ti fi ọwọ́ bo ojú.

"Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú," ló ní, "ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan. Mo máa sọ fún un pé kó jókòó sórí àga ọ̀hún tó bá ti lè pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Èmi náà," ni Bàbá Táyélolú wí. "Èmi náà, Kẹ́hìndé."

Fadérera na síléètì sáàárín wọn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe ti ṣe gbogbo nǹkan láti inú ìyá wọn wá.

"Mo fà á padà."

Láti orí àpáta, ariwo fáànù rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó di kíkùn jẹ́jẹ́. Ilẹ̀kùn àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí gbàgà-gbàgà, ọkọ̀ aláìláwakọ̀ kan tó ti dúró sí oríta láti àárọ̀ sún síwájú, ọmọ kan hó yèè nílé kejì pé omi dé. Omi inú síléètì dúró lókè ìlà pupa, kò sọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, síléètì kú sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Kò dá a lóhùn. Fadérera jókòó sílẹ̀ níwájú àwọn bàbá méjèèjì, ó sì sunkún, kò fi pa mọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó ti jí kí àkùkọ tó kọ. Sísítà Oyèékànmí ti ránṣẹ́ pé gbogbo àwọn obìnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, Ọ̀gá Láníyọnu sì ti sọ fún ìlú pé ìgbìmọ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀ kò tíì dé. Òfin méjèèjì ṣì wà nínú ẹ̀rọ bó ṣe wà, kò sí àtàǹpàkò tó lè kàn wọ́n, ẹnu páìpù sì ti fẹ́ ṣí. Fadérera dúró lójú fèrèsé, ó dẹ etí sí àpáta.

Ẹnu páìpù ṣí. Kò gbọ́ ariwo fáànù. Ó dúró títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, ẹ̀rọ kàn ń kùn jẹ́jẹ́ ni. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé omi ẹ̀kọ kaná. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù fi dún.

"Ọmọ mi, o ò sùn?" Bàbá Táyélolú ni. "A ò tíì rí omi o."

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, bàbá. Ṣé ẹ ti tẹ bọ́tìnnì?"

"Rárá o. Mò ń dúró de ẹ̀gbọ́n mi ni, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo ti bẹ̀ wọ́n láti ìdájí, wọn ò gbà. Àga yẹn gan-an, mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n jókòó. Ìdúró ni a wà."

Fadérera di ojú. Kó tó fèsì, fóònù tún dún sí i létí, ẹlòmíràn ń pè lórí rẹ̀. Ó wò ó. Bàbá Kẹ́hìndé ni. Kò gbé e, torí ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó pòṣé. Lẹ́yìn náà, ó sọ omi ẹ̀kọ kalẹ̀ lórí iná, ó gbé korobá, ó sì jáde lọ pọnmi fún wọn.